Ibo la ti lè rí páńdà nítòsí dáadáa ní Chengdu?

Àdìó_Guangzhou:
Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fẹ́ ti Guangzhou lọ wo páńdà ní Chengdu, ní Ṣáínà níbí, lóṣù kẹjọ. Ọjọ́ méjì péré la ní. Ṣé ọ̀sán dáa? Aṣojú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì ní òun á jẹ́ kí ọmọ gbé páńdà mọ́ra ya fọ́tò. Ṣé òótọ́ ni?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má lọ lọ́sàn-án rárá. Tí ooru bá ti ń kọjá 26°C, wọ́n á kó wọn wọlé sídìí ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀yìn gíláàsì lẹ ó ti máa wo páńdà tó ń sùn. Ọgbà ìwádìí Chengdu, èyí tí wọ́n fi páńdà 6 tí wọ́n kó yọ nínú igbó bẹ̀rẹ̀ ní 1987, máa ń ṣílẹ̀kùn ní aago 7:30 àárọ̀. Ẹ ti wà lẹ́nu géètì kó tó lù, torí oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n máa ń jẹ lásìkò yẹn, ìta ni wọ́n sì wà.

Yuan 55 ni tíkẹ́ẹ̀tì àgbà. Ẹ ti rà á sílẹ̀ lórí áàpù WeChat pẹ̀lú nọ́ńbà páspọ́ọ̀tù ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há: orúkọ tí wọ́n kọ kò bá ti páspọ́ọ̀tù mu, tàbí wọ́n fi páspọ́ọ̀tù sílẹ̀ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ Line 3, ẹ sọ̀ ní Panda Avenue, bọ́ọ̀sì á gbé yín dé ọgbà. Tí ọmọ bá dárúkọ Hua Hua, páńdà tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, ìlà ibẹ̀ máa ń jẹ wákàtí mọ́ni lọ́wọ́ nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀. Lójú tèmi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Olùtọ́jú_Ẹranko:
Irọ́ ni ti gbígbé mọ́ra, ẹ má san kọ́bọ̀. Wọ́n ti fòpin sí i. Àrùn distemper tó ń pa ajá pa páńdà ní ìpínlẹ̀ Shaanxi láàárín ìparí 2014 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2015, ó sì lè bá ọwọ́ tàbí aṣọ èèyàn wọlé. Eyín tó ń fọ́ ọparun líle kì í sì í ṣe ohun tí a ń gbé ọmọdé sún mọ́.

Ọjọ́ kejì, ẹ lọ sí ọgbà páńdà tó wà ní Dujiangyan, bíi kìlómítà 60 sí Chengdu. Èrò ibẹ̀ kéré, ẹ ó sì ráyè dúró. Shenshuping, ọgbà páńdà mìíràn ní Wolong, náà dára, òkè ni, ó tutù, àmọ́ òjò oṣù kẹjọ lè mú kí òkè ya dí ọ̀nà. Ẹ má gbé ọmọdé síbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ ní kí ọmọ wo ọwọ́ páńdà tó bá ń jẹun. Egungun ọrùn ọwọ́ kan yọ síwájú bí ìka kẹfà, òun ló fi ń di ọparun mú. Á fi eyín bó èèpo rẹ̀ bí ẹni ń jẹ ìrèké, á jẹ inú. Àgbà páńdà lè jẹ kílò 12 sí 38 lójúmọ́, torí inú rẹ̀ kì í rí nǹkan mú kọjá bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, fọ́nrán ọparun hàn nínú rẹ̀ kedere.

Ìyá Ìbejì:
Ohun kan kù. Oṣù keje sí ìkẹsàn-án ni wọ́n máa ń bímọ. Ọmọ tuntun ò ju bíi 100 gíráàmù lọ, ara rẹ̀ pupa, kò tíì ní dúdú kankan lára. Tó bá jẹ́ ọmọ páńdà tó ń gun igi ni ọmọ yín ń retí, oṣù kejìlá sí ìkẹta ló dáa, torí páńdà kì í sùn gba ìgbà òtútù kọjá. Kí ẹ ṣáà yẹra fún ọ̀sẹ̀ ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà.

Àdìó_Guangzhou:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Tí òjò bá rọ̀ ńkọ́?

Olùtọ́jú_Ẹranko:
Ẹ lọ bẹ́ẹ̀. Irun rẹ̀ ki, ó lọ́ràá, òjò wẹ́wẹ́ kì í lé e wọlé. Aṣọ òjò ni kí ẹ mú, torí agboòrùn á dí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn yín. Ẹ sì pa fíláàṣì fóònù kẹ́ ẹ tó wọlé.