Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Apẹja ni bàbá mi, Ẹ̀pẹ́ níbí la wà. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú wọn, ọwọ́ ọ̀tún ò sì tíì bọ̀ sípò. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyí: tí a bá ní kí wọ́n kàn ká ìka kò, ìka á le gbagidi. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé àwọ̀n tó ya lé wọn nítan, àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e á bẹ̀rẹ̀ sí í wá okùn, wọ́n á ta kókó kan, èkejì á tú.

Physiotherapist wọn ní apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, àti pé àṣetúnṣe iṣẹ́ gidi ló ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti tún un kọ́. Mo tún kà nípa ọ̀nà Edward Taub, ará Amẹ́ríkà: wọ́n á fi ìbọ̀wọ́ dí ọwọ́ tó dá ṣáṣá fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́, kí èyí tó rọ lè ṣiṣẹ́. Bàbá ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá, mi ò sì fẹ́ fipá mú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú irú ọwọ́ báyìí rí, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n jẹ́ kí àwọ̀n tó, àbí kí n fi ṣíbí àti bọ́tìnì kún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.