“Aró òdòdó”, “àwọ̀ adágún” àti ohun tí a ń fi kun kánfáàsì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ti dábàá fún àkójọ-ọ̀rọ̀ wa, lórí iṣẹ́ kí ènìyàn fa àwọ̀ lára òdòdó àti ewé tútù, kí ó sì fi ya àwòrán sórí kánfáàsì. “Aró òdòdó” ni wọ́n pe àwọ̀ náà. “Àwọ̀ adágún” ni wọ́n pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lake. “Amáródúró” ni wọ́n pe álọ́ọ̀mù (alum) àti irú rẹ̀, ìyẹn iyọ̀ tó ń mú àwọ̀ dúró. Ẹ̀kẹta kò burú lójú mi. Méjì àkọ́kọ́ yóò ṣi ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́nà.

Kí a kọ́kọ́ gbé adágún kúrò nílẹ̀. Lake ti àwọn akunwòrán kò bá omi tan rárá. Ara “lac” ni orúkọ náà ti ṣẹ̀, ìyẹn oje líle tí kòkòrò kan ń tú sára ẹ̀ka igi, tí wọ́n ti ń fa àwọ̀ pupa jáde nínú rẹ̀ láti ayébáyé. Ẹni tó bá ka “àwọ̀ adágún” á máa wá omi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ tí kì í yòrò nínú omi ni à ń wí.

Ti “aró òdòdó” ló ṣòro jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí a fi mọ orúkọ níbí. Ohun tí a bá rẹ, inú fọ́nrán òwú ló ń wọ̀. Ohun tí a bá kùn, ojú aṣọ ló ń dúró sí, àtè ló sì mú un mọ́ ibẹ̀. Ẹ gún òdòdó tútù, ẹ fún oje rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ ọ sára kánfáàsì tí a kò tíì fi nǹkan kan kùn: ẹ ó rò pé kíkùn lẹ ṣe, rírẹ ni. Oje á sáré gba ojú òwú lọ, omi á ti àwọ̀ sí etí, ìlà dúdú á yí àbàwọ́n náà ká, àárín rẹ̀ á sì ṣì. Bí omi bá kán sí i lẹ́yìn tó gbẹ, á tún ṣàn. Kò sí ẹni tó lè fa ìlà tó mú pẹ̀lú nǹkan báyìí.

Kí oje tó di ohun kíkùn, a ní láti sọ ọ́ di ohun tí omi kò lè tú mọ́. Marigold, òdòdó ìyeyè kan, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun kì í já ènìyàn kulẹ̀. Gíráàmù 200 ewé òdòdó tútù, kí a já ìdí tútù rẹ̀ sọnù, torí àwọ̀ ewé inú ìdí náà á ba ìyeyè jẹ́. Nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá òdòdó tútù, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi ni. Ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n ti òdòdó gbígbẹ kò fi lè bá ti tútù mu. Ẹ dà á sínú lítà omi kan, ẹ jẹ́ kó gbóná dé bíi 70 sí 80°C fún wákàtí kan, kó má hó. Ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ fi omi gbígbóná yo álọ́ọ̀mù gíráàmù 10, ẹ dà á sínú oje, ẹ rò ó. Ẹ wá yo sódà ìfọṣọ tó gbẹ féfé nínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ́tọ̀, gíráàmù 4, kí ẹ sì máa kán an sí i díẹ̀díẹ̀.

Á hó bí ọṣẹ, á ru sókè gan-an, nítorí náà kí ohun èlò fi ìlọ́po mẹ́ta ju oje lọ. Ìṣirò kẹ́mísìrì ní gíráàmù 3.4 sódà gbígbẹ ló kájú gíráàmù 10 álọ́ọ̀mù. Èyí tó lé jẹ́ ìfura, ẹ má dà á tán bí kò bá pọn dandan. Bí sódà yín bá jẹ́ oníhóró dídán tó ṣì ní omi nínú, bíi gíráàmù 9 ni yóò gbà. Nígbà tí híhó bá dáwọ́ dúró, tí bébà ìdánwò pH (tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn) sì fi 6 sí 7 hàn, ẹ dúró. Bó bá di òwúrọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aláwọ̀ á ti sàlẹ̀, omi orí rẹ̀ á ti tòrò. Ẹ da omi náà nù, ẹ tún omi mìíràn dà sí i, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, iyọ̀ inú rẹ̀ á yọ bí hóró funfun lójú àwòrán nígbà tó bá gbẹ. Lẹ́yìn náà ẹ gbẹ ẹ́, ẹ lọ̀ ọ́.

Lílọ̀ yìí ni mo gbójú lé. A ní àgúnmu, ohun tí a gún tí a fẹ́ mu. Ẹ jẹ́ kí a pe èyí ní àlọ̀kùn, ohun tí a lọ̀ tí a fẹ́ fi kun nǹkan. Oje ni kí oje máa jẹ́, àlọ̀kùn ni èyí tó ti gbẹ tó ti kúnná, ọ̀dà ni àlọ̀kùn tí a ti po mọ́ àtè.

*

> Ohun tí a bá rẹ, inú fọ́nrán òwú ló ń wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àlọ̀kùn dùn mọ́ mi, ó sì bá ohun tí a ti ń sọ tẹ́lẹ̀ mu: a ń lọ osùn, a sì ń kun osùn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ẹ fi aró sí tí kò tọ́ sí i.

Ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé aró jẹ́ ohun tí omi lè tú. Aró gan-an kì í yòrò nínú omi. Ohun tó wà nínú ewé èlú tútù kò ní àwọ̀ aró rárá. Ìgbà tí ewé bá rẹ sómi tó sì dà ni ohun náà ń já kúrò lára ṣúgà tó so mọ́, tí afẹ́fẹ́ sì ń so ó pọ̀ ní méjìméjì di aró. Bí a bá fẹ́ rẹ aṣọ, ńṣe ni a ń fi ìkòkò tí afẹ́fẹ́ kò sí nínú omi rẹ̀ tú u fún ìgbà díẹ̀, kó lè wọ òwú. Bí aṣọ bá jáde sí afẹ́fẹ́, aró tún padà di èyí tí omi kò ràn. Adolf von Baeyer, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Jámánì, ló ṣe àlàyé bí èròjà inú aró ṣe tò ní 1883, BASF, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Jámánì, sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí wọ́n ṣe láìlo ewé ní 1897. Nítorí náà, nínú gbogbo àwọ̀ tó ń ti inú ewé wá, aró ni ọ̀kan tí a lè gbẹ, kí a lọ̀ ọ́, kí a fi kun kánfáàsì láìfi álọ́ọ̀mù dì í mú. Àlọ̀kùn ni aró látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tí èyí bàjẹ́ ni “amáródúró” tí ẹ ní kò burú. Ọ̀rọ̀ náà mú orúkọ àwọ̀ kan ṣoṣo tí kò nílò álọ́ọ̀mù, ó fi ṣe orúkọ iṣẹ́ álọ́ọ̀mù. Pẹ̀lúpẹ̀lù, létí ọ̀pọ̀ wa, aró ti jẹ́ orúkọ àwọ̀ fúnra rẹ̀; “aró pupa” ṣì ń ta mí létí. Mo dábàá adàwọ̀mú: ohun tó ń di àwọ̀ mú. Ó gba pupa, ó gba ìyeyè, ó gba elésè àlùkò, ó sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, torí pé orí èérún funfun tí álọ́ọ̀mù àti sódà ń bí ni àwọ̀ ń lẹ̀ mọ́.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó máa fi òdòdó mìíràn dán ohun tí ẹ kọ wò: gbogbo òdòdó kọ́ ni marigold. Àwọ̀ pupa isápá àti ti ọ̀pọ̀ òdòdó búlúù wà lára ẹbí kan tí kíkan àti eérú (acid àti alkali) ń darí. Nínú omi kíkan ó ń pọ́n, láàárín ó di àlùkò, nínú omi eérú ó di búlúù, á tún di àwọ̀ ewé, bí eérú bá pọ̀ jù á di ìyeyè á sì bàjẹ́ pátápátá. Álọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ń tì í sí ìhà àlùkò. Ẹni tó bá se isápá pupa fòò tó sì retí àlọ̀kùn pupa, àlùkò eléérú ló máa rí. Ẹ̀bi sódà kọ́, bí àwọ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Ti bougainvillea àti tẹ̀tẹ̀ pupa tún yàtọ̀: ooru ló ń pa wọ́n, kò sì sí ọ̀nà kan tí mo lè gbà yín níyànjú láti gbà sọ wọ́n di àlọ̀kùn. Ti àwọ̀ tútù inú ewé fúnra rẹ̀, bí ooru bá pàdé kíkan nínú rẹ̀, èròjà magnesium inú rẹ̀ á bọ́, á sì di àwọ̀ ewé gbígbẹ.

*

Àbúrò, o ṣeun. Mo gba ti aró, mo sì gba adàwọ̀mú tọkàntọkàn. Mo fagi lé amáródúró.

Ohun tí o sọ nípa kíkan àti eérú kò mọ sínú ìkòkò. Kánfáàsì fúnra rẹ̀ ń dá sí i. Ìpele funfun tí a ń kùn sí i ṣáájú, tí mo fẹ́ kí a pè ní àkọ́kùn, ẹfun ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ìhà eérú sì ni ẹfun wà. Àtè acrylic náà wà ní ìhà yẹn, 8 sí 9 ló sábà máa ń fi hàn lórí bébà ìdánwò. Ìdí rèé tí òdòdó pupa fi ń di búlúù rẹ́súrẹ́sú lójú ẹni tó ń kùn ún. Gọ́ọ̀mù arabic, àtè kan láti ara oje igi, wà ní ìhà kíkan díẹ̀, ó máa ń ṣàánú pupa, àmọ́ bí ó bá nípọn lórí kánfáàsì tó ń ká, á sán. Fún ìyeyè marigold àti ti èèpo àlùbọ́sà, òróró linseed ni mo fọwọ́ sí: ó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú àlọ̀kùn kọjá bíi gíláàsì, torí náà ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí funfun ló ń mú un tàn.

Ọ̀rọ̀ méjì ni kí a má ṣe jẹ́ kó dàrú mọ́ra. Pípàwọ̀dà ni èyí tí o ṣàlàyé: àwọ̀ ṣì wà, ó kàn di òmíràn, kíkan lè dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà. Ṣíṣá ni ti oòrùn, kò ní àtúnṣe. Nínú àwòrán òdòdó tí àwọn ará Nẹ́dálàǹdì kùn ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ewé kan wà tó ti di búlúù lónìí. Búlúù àti àlọ̀kùn ìyeyè láti ara ewéko ni wọ́n pò láti fi kun ewé náà; ìyeyè ti ṣá, búlúù ló kù. Ẹni tó bá pe ìyẹn ní pípàwọ̀dà ti ṣì í pè.

Kí ènìyàn tó fi àlọ̀kùn kankan sórí iṣẹ́ tó fẹ́ kó pẹ́, kó kun bébà pélébé kan, kó fi páálí bo ìdajì, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ti isápá kì í sábà dúró de ọ̀sẹ̀ kejì.

Fún àkójọ-ọ̀rọ̀ wa, bí mo ṣe tún un kọ nìyí: àlọ̀kùn, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ tí kì í yòrò nínú omi tàbí nínú àtè tí a fi pò ó, yálà ó rí bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, bí aró àti ẹfun, tàbí adàwọ̀mú ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ láti ara oje.