Capoeira: kí ni kí ẹni tó ti taekwondo wá kọ́kọ́ tún ṣe?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Taekwondo ni mo mọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ capoeira Angola, ẹ̀yà kan nínú capoeira, eré ìjà Brazil tí wọ́n ń fi orin ṣe. Lójú tèmi, ó jọ ijó ju ìjà lọ: bí ẹnìkan bá fi ẹsẹ̀ ta ìpá, wọn kì í fi apá gbà á, yíyẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́. Ginga (ìgbésẹ̀ ìpìlẹ̀ tí a fi ń fì sọ́tùn-ún sósì) ń da ẹsẹ̀ mi rú, ọrùn ọwọ́ sì ń ro mí tí mo bá ṣe aú (òkìtì ẹ̀gbẹ́ tí a ń fi ọwọ́ kanlẹ̀ ta). Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Ìdáhùn kìíní
Ginga ni, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti ń jáde. Ẹ ya ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n èjìká, ẹ ká orúnkún díẹ̀. Ẹ fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má kanlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún á wá síwájú láti bo ojú. Ẹ dá ẹsẹ̀ náà padà sí ààyè rẹ̀ kí ẹ tó fa ti òsì. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á rọ́ lọ sẹ́yìn ti iwájú, méjèèjì á wà lórí ìlà kan. Ẹni tó bá dúró báyẹn, rasteira kékeré (fífi ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ ẹni kúrò nílẹ̀) ti tó láti gbé e ṣubú.

Ẹ má sì fi apá gba meia lua de compasso, ìpá tí a ń yí po ta, láé. Gìgísẹ̀ ni wọ́n fi ń lù, agbára gbogbo ara tó ń yí ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

Ìdáhùn kejì
Ní ti ọrùn ọwọ́: ẹ la ìka sílẹ̀ dáadáa, kí ọwọ́ kan kanlẹ̀ ṣáájú èkejì. Bí méjèèjì bá jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọrùn ọwọ́ ló ń jìyà rẹ̀. Aú ti Angola kì í ga, orúnkún á ká, ojú á sì wà lára ẹni tí ẹ jọ ń ṣeré, kì í ṣe ilẹ̀.

Ìdáhùn kẹta
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ijó lásán. Òfin ìwà ọ̀daràn Brazil ti ọdún 1890 ní kí wọ́n máa fi ẹni tó bá ń ṣe é ní ìgboro sẹ́wọ̀n. Mestre (ọ̀gá) Bimba ló wá ṣí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní Salvador ní 1932. Regional, ẹ̀yà capoeira tí òun dá sílẹ̀, yára, ìpá rẹ̀ sì sún mọ́ taekwondo. Ní ti Angola tí Mestre Pastinha fi kọ́ni, ìsàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀ gan-an, ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ fetí sí berimbau mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun èlò orin olókùn kan tó dà bí ọrun. Gunga, tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù, ló ń pàṣẹ. Bó bá ń rọra lu toque (ìlù) Angola, ẹ rẹlẹ̀, ẹ má kánjú. Bó bá pè yín, ẹ padà wá lóṣòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ẹ ti ń wọ agbo; ẹ má gba ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni wọlé.