Ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ ni mo fara mọ́, kì í ṣe "eṣinṣin ìpẹja"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Bódìjà ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń pẹja nígbà tí wọ́n wà ní Skọ́tílándì ti ṣaláìsí. Ó wá ń fi ìyẹ́ ìdí pẹ́pẹ́yẹ ṣe àwọn ìwọ̀ kéékèèké ní ìrántí rẹ̀, àwọn ọmọ olóògbé ló fẹ́ fún, ó sì fẹ́ kọ orúkọ nǹkan náà ní Yorùbá sára páálí tí yóò tò wọ́n sí. "Fly", ìyẹn eṣinṣin, ni òyìnbó ń pè é, ni ẹnìkan bá dá a lóhùn pé "eṣinṣin ìpẹja" ni, pé "síso eṣinṣin" sì ni iṣẹ́ ọ̀hún.

N ò gbà. Ewúrẹ́ là ń so. Ẹ lọ sọ fún ìyá arúgbó kan ní Bẹẹrẹ pé láti àárọ̀ lẹ ti ń so eṣinṣin, àdúrà ni yóò máa gbà fún yín. Orí ààtàn la ti mọ eṣinṣin tiwa. Kòkòrò tí àwọn òyìnbó sábà ń fi ìwọ̀ yìí sín jẹ, inú omi ló ti ń dàgbà. Tó bá hu ìyẹ́ fò jáde tán, kì í sábà lò ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Ìwọ̀ mìíràn tiẹ̀ jọ ẹja wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n fi ń pa ẹja sámọ́nù ò sì jọ ohun abẹ̀mí kankan.

"Ìdẹ" sàn díẹ̀. Àmọ́ ẹ bi apẹja tó ń fi ìwọ̀ pẹja ní Ẹlẹ́yẹlé pé ìdẹ rẹ̀ dà, ekòló ni yóò fi hàn yín. Ìdẹ ṣeé jẹ. Ìyẹ́ àti òwú lásán ni eléyìí. Ìwọ̀ oníyẹ̀ẹ́ ni kí ẹ kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì sí i, torí "iwọ" tí kò lámì, "ìwọ" ni aráyé yóò kà á.

Fún iṣẹ́ náà, "kó" ni mo dá lábàá. Ẹ wo onídìrí tó ń kó irun olówùú: ó fi ọwọ́ kan di irun mú, ó ń fi ìkejì yí òwú ká a láti ìdí, ó ń fà á le, títí òwú fi bo irun, kó tó ta kókó sí i lórí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òwú ń gba ara ìwọ̀ lọ, tó ń lẹ ìyẹ́ mọ́ irin. "Dì" ò burú, ṣùgbọ́n irun dídì ò nílò òwú.

Àǹtí wa kan ní "ìyẹ́ ìdí pẹ́pẹ́yẹ" ò bójú mu fún ìrántí òkú. Ẹ má bínú, mà, àwọn Faransé gan-an ò fi bò: ìdí pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n pè é. Agbègbè Jura ní Switzerland ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, láwọn ọdún 1920. Ibi tí wọ́n ti fà á náà ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Lókè ìrù ni kókó òróró pẹ́pẹ́yẹ wà, ibẹ̀ ló ti ń fi ẹnu bu òróró pa ara. Ìyẹ́ tó yí i ká fẹ́lẹ́, òróró ti mu ún, fọ́nrán wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ sì ń há afẹ́fẹ́ mọ́ra, ni ìwọ̀ fi ń léfòó. Ẹ yọ "ìdí" kúrò, ọmọ tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀ lọ́la á lọ fa ìyẹ́ apá, omi á sì gbé e mì. Àbí "ìdí" kọ́ ló wà nínú "ìdílé" ni?

Ti irin tó ń di ìwọ̀ mú lórí tábìlì, ẹ má wulẹ̀ dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Fáìsì làwọn mẹkáníìkì ń pè é.