Àánú Angron ti ń ṣe mí jù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Warhammer 40,000, eré ogun orí tábìlì tí a ń fi ère kéékèèké àti dáìsì ṣe, ni mò ń ṣe. Tẹ́lẹ̀, bí alátakò mi bá to ère Angron (ọ̀gágun kan nínú eré náà) sórí tábìlì, inú mi á máa dùn láti pa á ni. Àfi ìgbà tí mo ka ìtàn ẹ̀. Nígbà tó wà lóko ẹrú ni wọ́n kan ìṣó ìbínú mọ́ ọn lágbárí. Olú-Ọba tó ń ṣàkóso aráyé nínú ìtàn náà wá gbé e lọ tipátipá, àwọn ẹrú ẹgbẹ́ ẹ̀ sì kú sójú ogun láìrí i. Lánàá, dáìsì tí mo fẹ́ fi pa á wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè jù ú (ẹ má rẹ́rìn-ín). Apààyàn ni ṣá o! Ṣé kí n pa ìwé tì ni, àbí kí n kúkú máa kó ogun tiẹ̀?