Rọ́bà oníjókòó méjì tí ọkọ̀ ojú omi ń fà ń jò nídìí ibi ìsokùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ rọ́bà yìí dáadáa. Orí omi dáàmù Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta níbí, la ti ń lò ó. A mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tá a fẹ́ sínú rẹ̀ nínú oòrùn máa ń súnkì tó bá dénú omi tútù, a sì ń fi páǹpù kún un. Àmọ́ ó tún ń rọ̀. A fi ọṣẹ olómi pa á: ẹnu fáàfù ò hó rárá, ìdí ibi ìsokùn ló ń yọ ìfófó wínníwínní.

Ṣé gọ́ọ̀mù PVC (gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ ike tó rọ̀) àti àlẹ̀mọ́ lè dúró níbi tí okùn ti ń fà á gan-an, àbí ká rán aṣọ náílọ́ọ̀nù bò ó, kí aṣọ máa gba ìfà náà? Rọ́bà tó rọ̀ máa ń ri imú bọmi, okùn á sì le gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ló ń jókòó sí i.