Ìbéèrè: Oògùn kò ran adìẹ ẹlẹ́yin mi mọ́, ṣé kí n bọ́ sórí èyí tó le jù ú lọ?

Ẹlẹ́yin Òkè-Baálẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Adìẹ ẹlẹ́yin 300 ni, ọ̀sẹ̀ 38. Ìgbẹ́ wọn ń ṣàn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí imí-ọjọ́, 5 sì ti kú láàárín ọjọ́ 6. Wọ́n ti mu oxytetracycline, àńtíbáyótíìkì tó ń pa kòkòrò, nínú omi lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ méjì-méjì. Wọ́n á gbádùn díẹ̀, á tún padà. Ẹni tó ń ta oògùn ní enrofloxacin, àńtíbáyótíìkì tó le jù ú lọ, ló kàn. Àwọn oníbàárà ní ọjà Ọba sì ń retí ẹyin. Kí ni ṣíṣe?

Dókítà Ẹranko: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún wọn. Enrofloxacin kì í ṣe oògùn adìẹ tí ènìyàn ń jẹ ẹyin rẹ̀. Nínú ara adìẹ, apá kan rẹ̀ ń di ciprofloxacin, èyí tí dókítà ń kọ fún ènìyàn gan-an. Kòkòrò tó bá ti mọ bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé adìẹ, ọjọ́ tó bá dé ikùn ọmọ, oògùn ilé ìwòsàn ò ní ká a. Tìtorí Campylobacter, kòkòrò inú adìẹ tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ènìyàn, ni Amẹ́ríkà ṣe fòfin dè é fún adìẹ ní 2005.

Ó jọ táífọ́ọ̀dù adìẹ, tí kòkòrò Salmonella ń fà. Ṣùgbọ́n àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní Newcastle náà ń mú kí ìgbẹ́ ṣàn, fáírọ́ọ̀sì sì nìyẹn. Àńtíbáyótíìkì kankan ò ràn án. Ẹ gbé 2 tó ń ṣàìsàn àti 1 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ sí ilé àyẹ̀wò ẹranko. Ọ̀rá méjì ni kí ẹ fi wé òkú náà, kí ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín. Ẹ má fi sí fírísà o, dídì ń ba ẹran ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n gbin kòkòrò náà, kí wọ́n sì fi oògùn dán an wò. Wọ́n á to bébà róbótó kéékèèké tó ní oògùn lára sórí àwo tí kòkòrò ń hù sí. Èyí tó bá ràn án, àyíká bébà rẹ̀ á mọ́ gaara. Èyí tí kò ràn án, kòkòrò á hù dé etí bébà.

Àgbẹ̀ Ìlíẹ̀: Ọjọ́ méjì-méjì yẹn gan-an ló ń kọ́ kòkòrò lọ́gbọ́n: èyí tó lágbára ṣẹ́ kù, ó sì pọ̀ sí i. Kálísíọ̀mù inú oúnjẹ ẹlẹ́yin sì tún ń di oxytetracycline mú, kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Ṣíbí tí wọ́n ń júwe lórí káńtà kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ wọn adìẹ 10, ẹ fi ìwọ̀n wọn ṣírò oògùn.

Ẹlẹ́yin Òkè-Baálẹ̀: Ẹ ṣeun gan-an. Ẹyin tó wà nílẹ̀ ńkọ́?

Dókítà Ẹranko: Ẹ má tà á. Ẹ wo ara páálí oògùn: bí kò bá sọ iye ọjọ́ tí a ó fi dúró kí a tó ta ẹyin, kì í ṣe ti ẹlẹ́yin. Dídúró yẹn ń yọ oògùn ni, kì í yọ kòkòrò. Èyí tó ń dun èmi jù ni pé Salmonella Enteritidis, ẹ̀yà Salmonella mìíràn tó ń dá ènìyàn wó, adìẹ tí ara rẹ̀ le koko lè yé e mọ́ inú ẹyin.

Àgbẹ̀ Ìlíẹ̀: Ẹ má ta èyí tó ń ṣàìsàn fún alápatà. Ìgbẹ́ tútù náà, kó má dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ o. Ẹ kó o jọ kó gbóná dé 55°C fún ọjọ́ 15, kí ẹ máa yí i, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀marùn-ún.